Ìjàpá Òkun àti Erékùṣù Ascension

Nínú àlọ́ tí àwọn ìyá wa ń pa fún wa, Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo kì í rin ìrìn àjò tí ó jìnnà. Bí ó bá rìn jìnnà jù lọ, ilé àna rẹ̀ náà ni, níbi tí ojúkòkòrò ti mú un bu ẹ̀bẹ gbígbóná sínú fìlà, tí orí rẹ̀ fi pá títí di òní. Ṣùgbọ́n ìjàpá mìíràn ń bẹ tí àjò rẹ̀ tó 1,400 máìlì ní àlọ nìkan, lórí agbami tí kò ní ojú ọ̀nà, tí kò sì sí ẹni tí a lè bi léèrè ọ̀nà. Ìjàpá òkun ni. Ibi tí ó ń rè ni mo fẹ́ mú yín lọ lónìí, nítorí pé ìtàn ibẹ̀ súnmọ́ ìtàn tiwa ju bí ẹni tí ó bá kàn wo àwòrán ayé yóò ti rò lọ.

Kí ẹni tí ó bá ní ìwé àwòrán ayé lọ́wọ́ ṣí i sí ibi tí òkun Àtìláńtíkì wà. Ẹ fi ìka kan sí etí òkun Làìbéríà, kí ẹ fi èkejì sí ibi tí ilẹ̀ Bùràsíìlì ti yọ imú jáde sí ìhà wa. Ní àárín àwọn méjèèjì, ní ìsàlẹ̀ díẹ̀ sí ìlà tí ó pín ayé sí méjì, ẹ óò rí àmì tíńtín kan, bí ẹni pé eṣinṣin ni ó bà sí ojú ìwé. Erékùṣù Ascension nìyẹn. Ó jìnnà sí ilẹ̀ Áfíríkà tó 1,000 máìlì, ó sì jìnnà sí Bùràsíìlì tó 1,400. Aládùúgbò rẹ̀ tí ó súnmọ́ ọn jù lọ ni erékùṣù St. Helena, èyí náà sì jìnnà sí i tó 800 máìlì. Erékùṣù náà fúnra rẹ̀ kò tóbi. Bí ènìyàn bá jí ní kùtùkùtù tí ó sì lẹ́sẹ̀, yóò fi ẹsẹ̀ rìn ín já láti òkun dé òkun kí oòrùn tó wọ̀.

Iná abẹ́ ilẹ̀ ni ó bí ibẹ̀. Iná náà tú jáde láti ìsàlẹ̀ òkun, ó ń yọ́ bí irin inú ẹwìrì, ó ń dì, òmíràn ń gorí rẹ̀, títí ó fi ga yọ sókè omi ní nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù kan sẹ́yìn. Títí di òní, ibi tí ó pọ̀ jù nínú òkúta rẹ̀ dà bí ìdàrọ́ tí alágbẹ̀dẹ dà nù sí ẹ̀yìnkùlé, dúdú àti pupa, ó mú bí abẹ. Kò sí odò kan tí ń ṣàn níbẹ̀. Òkè kan ṣoṣo ni ó ga dé ibi tí ìkùukùu ti ń fún un ní ìrì, ó ga tó 2,800 ẹsẹ̀ bàtà, òun ni wọ́n ń pè ní Òkè Tútù Yọ̀yọ̀. Kò sí ènìyàn kankan tí ó ti ibẹ̀ ṣẹ̀ wá. Ẹyẹ ni ó ni ín, akàn ni ó ni ín, ìjàpá òkun sì ni ó ni àwọn èbúté oníyanrìn bíi mélòó kan tí ó wà láàrin òkúta wọ̀nyẹn.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ti àwọn Potogí ayé àtijọ́, kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n máa ń wò. João da Nova ni atukọ̀ Potogí tí a kọ́kọ́ gbọ́ pé ó rí erékùṣù náà ní 1501. Ní ọdún 1503, Afonso de Albuquerque gba ibẹ̀ kọjá ní Ọjọ́ Ìgòkè-re-ọ̀run, ó sì fi orúkọ ọjọ́ náà pe ibẹ̀. Orúkọ tí ó wúwo ni fún òkìtì ìdàrọ́! Kò sí wúrà níbẹ̀, kò sí ata, kò sí omi mímu, kò sì sí ẹni tí wọn yóò bá ṣòwò. Nítorí náà, fún ọ̀ọ́dúnrún ọdún ó lé díẹ̀, kò sí ọba kan tí ó bìkítà láti rán ènìyàn lọ gbé ibẹ̀. Àwọn ọkọ̀ tí ń ti Íńdíà bọ̀ a kàn máa yà síbẹ̀ láti mú ẹran ìjàpá òkun, wọn a sì máa bá tiwọn lọ.

Ìtàn ọkùnrin méjì ni mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ nígbà tí a bá dé orí erékùṣù yìí, nítorí pé ibì kan náà ni àwọn méjèèjì bá ara wọn, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ohun tí ó gbẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan.

William Dampier ni èkíní, ará Gẹ̀ẹ́sì, tí ó ti bá àwọn olè ojú omi rìn nígbà èwe rẹ̀ kí ó tó di òǹkọ̀wé àti ọ̀gá ọkọ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 1701, ó ń ti ilẹ̀ tí a ń pè ní Ọsirélíà lónìí bọ̀ nínú ọkọ̀ ọba tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Roebuck. Pákó ọkọ̀ náà ti jẹrà, omi ń wọlé. Ó rì mọ́ wọn lábẹ́ nítòsí èbúté Ascension, ṣùgbọ́n wọ́n ti gòkè tán. Wọ́n lé ní oṣù kan níbẹ̀. Ìjàpá òkun ni wọ́n ń jẹ, àti ewúrẹ́ tí àwọn atukọ̀ ìṣáájú ti fi síbẹ̀, àti akàn. Ohun tí ó gbà wọ́n là ni pé wọ́n gun òkè lọ, wọ́n sì rí orísun omi tí ń kán tó-tó-tó láti ara òkúta. Ní oṣù Kẹrin, àwọn ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń kọjá rí wọn, wọ́n sì kó wọn. Ní ọdún 2001, lẹ́yìn ọ̀ọ́dúnrún ọdún gééré, àwọn tí ń wá ohun àtijọ́ lábẹ́ omi rí agogo ọkọ̀ náà.

Leendert Hasenbosch ni èkejì, ará Hóláńdì, akọ̀wé nínú ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ ìṣòwò ńlá ti orílẹ̀-èdè rẹ̀. Wọ́n dá a lẹ́bi ẹ̀sùn kan lójú omi, wọ́n sì já a sílẹ̀ ní Ascension ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 1725, òun nìkan, pẹ̀lú àgọ́, omi díẹ̀, irúgbìn díẹ̀ àti Bíbélì. Ó ń kọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí sínú ìwé lójoojúmọ́. Ìjàpá òkun ń jáde sí etíkun níwájú rẹ̀, ẹyẹ pọ̀ bí eéṣú, oúnjẹ kò wọ́n ọn. Omi ni kò sí. Ibi tí ó ti rí díẹ̀ bù gbẹ. Ó ń rìn kiri, ó ń walẹ̀, nígbẹ̀yìn ẹ̀jẹ̀ ìjàpá ni ó ń mu, ó mu ìtọ̀ ara rẹ̀ pàápàá. Nínú oṣù Kẹwàá ni ìwé náà dánu dúró. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1726, àwọn atukọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá àgọ́ rẹ̀ àti ìwé rẹ̀ nílẹ̀. Omi tí Dampier rí ní ọdún mẹ́rìnlélógún ṣáájú ṣì ń kán lórí òkè náà nígbà tí ọkùnrin yìí ń wá omi kiri.

Ó yẹ kí a wá kúrò lọ́dọ̀ ènìyàn, kí a wo ẹranko náà fúnra rẹ̀.

Ìjàpá òkun tí ń lọ sí Ascension jẹ́ irú èyí tí ń jẹ koríko. Koríko kan ń hù nísàlẹ̀ omi tí kò jìn ní etí òkun Bùràsíìlì, òun ni oúnjẹ wọn. Wọn kì í ṣe kékeré. Abo tí ó bá ti dàgbà lè wúwo ju àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta lọ. Kò lè fa orí rẹ̀ wọ inú igbá ẹ̀yìn bí ìjàpá ilé wa ti ń ṣe, ẹsẹ̀ rẹ̀ iwájú kì í sì í ṣe ẹsẹ̀ mọ́, ó ti di àjẹ̀. Nínú omi ó ń fò bí ẹyẹ. Lórí ilẹ̀, ó di aláàárù tí ẹrù wọ̀ lọ́rùn.

Láti nǹkan bí oṣù Kejìlá títí di oṣù Kẹfà ni àkókò tí wọ́n ń yé. Òru ni wọ́n ń jáde. Abo náà yóò fi àyà wọ́ láti inú ìgbì títí yóò fi kọjá ibi tí omi ń dé. Bí ó bá wọ́ díẹ̀, yóò sinmi, yóò mí kanlẹ̀ débi pé ẹni tí ó dúró sí ọ̀ọ́kán yóò gbọ́ ọ, yóò tún wọ́. Bí ó bá rí ibi tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò fi apá iwájú gbọ́n iyanrìn dànù títí ara rẹ̀ yóò fi rì sínú kòtò. Nígbà náà ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé iṣẹ́ yìí ni ó máa ń ya àwọn tí ó ti rí i lẹ́nu jù. Kò lè rí ẹ̀yìn ara rẹ̀. Síbẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀tún yóò ká bí àtẹ́lẹwọ́ tí ń bu gàrí, yóò bu iyanrìn, yóò gbé e jáde jẹ́jẹ́. Ti òsì yóò bu tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò máa gbà á ṣe títí kòtò yóò fi rí bí ìkòkò, ọrùn tóóró, inú fífẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ń yé ẹyin sí, nǹkan bí ọgọ́fà lẹ́ẹ̀kan náà, funfun, róbótó. Bí ó bá ti parí, yóò fi iyanrìn bò ó, yóò tún da iyanrìn káàkiri kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ojú ibẹ̀ gan-an, yóò sì wọ́ padà sínú òkun.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí rí bóyá òótọ́ ni pé ìjàpá òkun ń sunkún nígbà tí ó bá ń yé. Omi ń jáde lójú rẹ̀ lóòótọ́. Iyọ̀ òkun tí ó ń mu ni ara rẹ̀ ń tú dànù gba ẹ̀gbẹ́ ojú. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú omi pẹ̀lú, a kàn kì í rí i níbẹ̀ ni.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, abo yìí kan náà yóò tún jáde wá yé. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà márùn-ún tàbí mẹ́fà kí ó tó padà sí Bùràsíìlì. Ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, kò sí koríko òkun ní àyíká Ascension tí yóò jẹ. Ọ̀rá tí ó kó sára láti ilé ni ó ń ná. Bí ó bá padà dé ilé, ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni yóò fi jẹun kí ó tó tún lè rin irú àjò bẹ́ẹ̀.

Ní ti ẹyin, oòrùn ni yóò sàba lé e. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, àwọn ọmọ yóò pa, wọn yóò gun orí ara wọn lábẹ́ iyanrìn títí wọn yóò fi yọjú. Ọ̀kan kò ju ohun tí yóò jókòó sí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Òru ni wọ́n sábà máa ń jáde, wọn a sì sáré lọ sí ibi tí ó bá mọ́lẹ̀ jù, èyí tí í ṣe ojú òkun tí ìràwọ̀ ń tàn sí. Akàn yóò mú lára wọn. Bí ilẹ̀ bá mọ́ bá wọn lójú ọ̀nà, ẹyẹ dúdú ńlá kan tí ìrù rẹ̀ là bí àlùmọ́gàjí yóò máa balẹ̀ gbé wọn. Ẹja ń dúró de ìyókù. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń dàgbà nínú ọ̀pọ̀ ẹyin. Èyí tí ó bá sì yè, ó lè lò tó ọdún márùndínlọ́gbọ̀n tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí òun náà tó lè yé ẹyin àkọ́kọ́. Ẹ fi iye ọdún yẹn sọ́kàn.

Ní 1815, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Napoleon, ọba ogun ilẹ̀ Faransé, wọ́n sì lọ fi í sí àhámọ́ ní St. Helena. Ìbẹ̀rù mú wọn pé àwọn ènìyàn rẹ̀ lè fi Ascension ṣe ibùba láti wá jí i gbé lọ. Nítorí náà, ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, wọ́n rán ọmọ ogun ojú omi lọ jókòó síbẹ̀. Ohun kan tí ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé nínú ìwé ìjọba, ọkọ̀ ogun ni wọ́n kọ erékùṣù náà sí. Wọ́n ń ṣàkóso rẹ̀ bí ọkọ̀ tí kò lè rìn, ó ní ọ̀gá ọkọ̀, ó ní aago iṣẹ́, ó ní ìwọ̀n oúnjẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Napoleon kú ní 1821, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun náà kò kúrò.

Ẹran ìjàpá ni wọ́n ń jẹ. Láti 1822 ni a ti ní àkọsílẹ̀ iye tí wọ́n ń mú lọ́dọọdún. Iṣẹ́ náà kò le. Bí abo bá ti jáde láti yé, ọkùnrin méjì tàbí mẹ́ta yóò yọ sí i nínú òkùnkùn, wọn yóò gbé e dojú dé lórí ẹ̀yìn rẹ̀, wọn yóò sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò lè yí padà. Ní òwúrọ̀, wọn yóò wá wọ́ ọ lọ sí adágún tí wọ́n fi òkúta mọ odi yí ká ní etí òkun, omi òkun ń wọlé, ó ń jáde, ṣùgbọ́n ìjàpá kò lè jáde. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó wọn pa mọ́ sí láàyè títí ọkọ̀ yóò fi dé. Ẹran tí kì í bàjẹ́, tí kò sì béèrè oúnjẹ, kò sí irú rẹ̀ fún atukọ̀ ayé tí kò sí yìnyín. Wọ́n ń dà wọ́n dojú bolẹ̀ sórí ọkọ̀, wọ́n ń wọ́n omi sí wọn lára, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan fi dé Lọ́ńdọ̀n, a sì ń pín wọn fún àwọn ìjòyè tí ń ṣe àkóso ọkọ̀ ogun àti fún ààfin ọba. Ọbẹ̀ ìjàpá òkun jẹ́ oúnjẹ iyì nílé àsè àwọn ọlọ́lá nígbà náà. Ní àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀, iye tí wọ́n ń mú lé ní ẹgbẹ̀rún kan lọ́dún. Abo sì ni gbogbo wọn, nítorí pé akọ kì í gòkè.

Ibí yìí ni ìtàn náà ti kàn wá. Láti 1808 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fi ọ̀wọ́ ọkọ̀ ogun kan sí etí òkun wa láti máa lé àwọn ọkọ̀ tí ń kó ẹrú. Ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí, Myrmidon, ni ó gba Àjàyí, ọmọ Òṣogùn, tí ó wá di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, sílẹ̀ ní 1822, ọdún kan náà tí àkọsílẹ̀ ìjàpá yẹn bẹ̀rẹ̀. Bí ogún ọdún àti ogún ọdún ti ń gorí ara wọn, Ascension di ibi tí ọ̀wọ́ ọkọ̀ yìí ti ń gba oúnjẹ àti èédú, tí àwọn aláìsàn wọn sì ń lọ gba afẹ́fẹ́. Àwọn ọkùnrin Kúrù láti etí òkun Làìbéríà, àti àwọn ọmọ Áfíríkà mìíràn, wà lára àwọn tí ó la ojú ọ̀nà tí ó sì ru ẹrù ní erékùṣù náà.

Ibà etí òkun wa kò bá àwọn òyìnbó ṣeré nígbà náà. Ní 1838, ọkọ̀ ogun kan tí ń jẹ́ Bonetta dé Ascension pẹ̀lú àwọn atukọ̀ tí ibà ti dá dùbúlẹ̀. Wọn kò jẹ́ kí wọ́n wọ ìlú. Wọ́n ní kí wọ́n gòkè ní èbúté kékeré kan láàrin òkúta dúdú. A máa ń sọ pé ẹni tí ó gbé oúnjẹ wá fún wọn a gbé e kalẹ̀ lókèèrè, a yin ìbọn, a sì sá padà kí àwọn aláìsàn tó jáde wá gbé e. Sàréè wọn wà níbẹ̀ títí di òní. Èbúté Àìnítùnú ni orúkọ ibẹ̀.

Orúkọ ọkọ̀ yẹn kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó mọ ìtàn Èkó. Ní 1850, Frederick Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ Bonetta, gba ọmọdébìnrin kan lọ́wọ́ Gezo ọba Dàhómì, ọmọ Ẹ̀gbádò láti Òkè-Ọ̀dàn, tí wọ́n ti pa àwọn òbí rẹ̀ lójú ogun. Àìná ni a gbọ́ pé orúkọ rẹ̀ ń jẹ́. Forbes fi orúkọ ara rẹ̀ àti ti ọkọ̀ rẹ̀ pè é ní Sarah Forbes Bonetta, ó mú un lọ sọ́dọ̀ Ọbabìnrin Victoria, ọbabìnrin sì gbà á tọ́. Ní 1862 ó fẹ́ James Davies, oníṣòwò ńlá, wọ́n sì padà wá gbé ní Èkó.

Nítorí náà, ẹnu mi wúwo láti bá àwọn atukọ̀ wọ̀nyẹn wí nítorí ẹran tí wọ́n jẹ. Ẹni tí ó ti jẹ búrẹ́dì gbígbẹ àti ẹran oníyọ̀ fún oṣù mẹ́fà, tí ibà sì ń ṣe, kí ó rí ẹran tútù jẹ kí ó lè padà lọ lé ọkọ̀ olówò ẹrú, èmi kò ní ẹjọ́ láti bá a rò. Ti àwo ọbẹ̀ orí tábìlì àwọn olówó Lọ́ńdọ̀n ni kò yé mi. Ọ̀nà tí ó tó 4,000 máìlì ni wọ́n ń gbé ìyá tí ẹyin kún inú rẹ̀ gbà, kí àwọn tí ó ti yó tẹ́lẹ̀ lè fi tọ́ ọ wò.

Ohun tí ó tẹ̀lé e kò ṣe é rí lójú kan. Bí ẹnì kan bá ń pa àwọn ìyá lónìí, àwọn tí yóò yé ní ogún ọdún sí i ti wà nínú òkun, wọn yóò ṣì máa jáde, ẹni náà yóò sì máa wí pé ìjàpá kò tán. Ìgbà tí àìsí wọn bá fi ara hàn, àwọn tí ó fà á ti di ẹni ilẹ̀. Àwọn ọmọ ogun kúrò ní Ascension ní 1922, ó kù àwọn òṣìṣẹ́ wáyà abẹ́ òkun tí ó ti dé ibẹ̀ láti 1899. Pípa ìjàpá fún títà ń bá a lọ títí di àárín 1930 sí 1940, ṣùgbọ́n ní ìgbẹ̀yìn náà iye tí ń wọ adágún ti dín kù gidigidi sí ti àtijọ́. Òwò náà sì kú.

Títí di àkókò yìí, kò sí ẹni tí ó lè fi ẹ̀rí hàn níbi tí àwọn ìjàpá wọ̀nyí ti ń wá. Archie Carr, olùkọ́ ní Yunifásítì Florida ní Amẹ́ríkà, ni ó pinnu láti wádìí rẹ̀. Ní 1960, wọ́n fi àmì irin kéékèèké sí apá àwọn abo tí ó lé ní igba ní Ascension, wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ẹni tí ó bá rí i kí ó dá a padà fún ẹ̀bùn. Wọ́n wá jókòó, wọ́n ń retí. Àwọn apẹja etí òkun Bùràsíìlì ni wọ́n fi àmì ránṣẹ́ padà. Báyìí ni a ṣe mọ̀ pé láti ilẹ̀ tí àwọn baba àwọn Àgùdà Èkó ti padà wá ni àwọn ìjàpá yìí ń wá. Láti ìgbà náà wá, a ti so ẹ̀rọ tí ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ mọ́ àwọn kan lẹ́yìn, a sì rí wọn bí wọ́n ti ń lọ sílé, ọ̀nà wọn tọ́ bí ẹni ta okùn.

Kí ni ó dé tí wọn kò yé sí Bùràsíìlì tí wọ́n ń gbé? Ní 1974, Carr àti ẹnì kejì rẹ̀ dá a lábàá pé nígbà tí Áfíríkà àti Amẹ́ríkà Gúúsù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yà kúrò lára ara wọn, erékùṣù tí wọ́n ń yé sí kò jìnnà, ṣùgbọ́n bí òkun ti ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ìjàpá ń fi díẹ̀díẹ̀ kún àjò wọn. Àbá tí ó dùn létí ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ó ṣeni láàánú pé kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìran wọn wò, wọ́n rí i pé àwọn ti Ascension kò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ya kúrò lára àwọn mọ̀lẹ́bí wọn. Ní ti bí wọ́n ti ń mọ ọ̀nà, àwọn kan rò pé agbára òòfà ayé, èyí tí ń darí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì, ni wọ́n ń tẹ̀lé. Wọ́n wá so òòfà mọ́ àwọn ìjàpá kan lórí kí ó lè da iyè wọn rú. Síbẹ̀ wọ́n dé Bùràsíìlì. Wọ́n gbé àwọn mìíràn lọ jù sílẹ̀ lójú agbami, wọ́n sì rí i pé àwọn tí atẹ́gùn ń ti erékùṣù fẹ́ sí tètè rí ibẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Ó jọ pé imú ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ náà. Àjò kò dùn kí onílé má rè'lé, ṣùgbọ́n ti ìjàpá yìí, ilé méjì ni ó ní, agbami sì wà láàrin wọn.

Ní 1942, nígbà ogun Hitler, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà la ibùdókọ̀ òfúrufú sí orí ìdàrọ́ náà. Ní 1966, BBC gbé àwọn òpó gíga ró síbẹ̀, tí wọ́n ń ta ohùn láti Lọ́ńdọ̀n látaré sí Áfíríkà. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti gbé etí lé asọ̀rọ̀mágbèsì lóru láti gbọ́ ìròyìn ayé, ó ṣeé ṣe kí ohùn náà ti gba orí àwọn ìjàpá wọ̀nyí kọjá kí ó tó dé iyàrá yín. Iná iná-mànàmáná dé pẹ̀lú gbogbo èyí, ewu sì ni fún àwọn ọmọ tí ń tẹ̀lé ìmọ́lẹ̀; bí fìtílà òpópónà bá mọ́lẹ̀ ju òkun lọ, fìtílà ni wọn yóò bá lọ, oòrùn yóò sì pa wọ́n lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ìdí nìyí tí a fi ń ṣọ́ iná lò nítòsí èbúté níbẹ̀.

Òfin ń dáàbò bo ìjàpá òkun ní Ascension báyìí, ó sì ń dáàbò bò wọ́n lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú láti 1985, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó bá mọ etí òkun wa láti Àgbádárìgì dé Ìlàjẹ mọ̀ pé òfin ọ̀tọ̀, ìkòkò ọbẹ̀ ọ̀tọ̀. Ní Ascension, òfin náà ti mú èso wá. Láàrin ìparí àwọn ọdún 1970 àti 2013, iye ìtẹ́ tí wọ́n ń yé sí lọ́dún di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́fà. Ìṣòro mìíràn ni ó wá kù nílẹ̀. Ooru iyanrìn ni ń sọ bóyá ọmọ yóò jẹ́ akọ tàbí abo. Bí ó bá gbóná jù, abo ni yóò pọ̀. Iyanrìn àwọn èbúté kan níbẹ̀ dúdú, ó sì ń gba oòrùn sára, àwọn ọmọ tí ń pa ní erékùṣù náà sì jẹ́ abo ní ọ̀pọ̀ jù lọ. Bí ayé ti ń gbóná sí i, àwọn onímọ̀ ń wọn iyanrìn náà lọ́dọọdún.

Àwọn adágún olókùúta náà ṣì wà ní ẹ̀gbẹ́ Èbúté Gígùn, ní ìlú Georgetown, òfìfo. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi wọn gan-an ni àwọn abo ń gbà gòkè. Bí ilẹ̀ bá mọ́ ní àkókò yíyé, ipa ara wọn lórí iyanrìn dà bí ipa katakata, ọ̀kan ń gòkè, ọ̀kan ń sọ̀ kalẹ̀, àwọn kan a sì máa rìn ín láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun láti kà wọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ń gbọ́ mi nísinsin yìí yóò ti lé ní ọdún márùndínlógójì dáadáa kí èyí tí ó pa lọ́dún yìí tó lè wọ́ ara rẹ̀ gòkè níbẹ̀ láti wá yé.